Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ogún Ìṣẹ́jú Dáàbò Bo Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ àti nínú àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ló mú ká kọ̀wé sí yín. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ ìdíje ni gbogbo ayé máa ń mọ̀. Ọmọ ọdún 15 tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí pápá, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé lọ sílé, tí kò sì lè sáré dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, ta ló ń bèèrè rẹ̀ nígbà tí ìdíje mìíràn bá bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ wa ni kíkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti títọ́jú wọn. A fẹ́ sọ ọ́ ketekete pé púpọ̀ nínú ìfarapa wọn ló ṣeé dènà láìná kọ́bọ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá wo ìfarapa, láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó mú ẹgbẹ́ 20 nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ Èkó, àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 sí 19 tí gbogbo wọn lé ní 400. Ìdajì àwọn ẹgbẹ́ náà ń fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+ mú ara gbóná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì. Ìdajì tó kù ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ìfarapa láàárín àwọn tó tẹ̀ lé ètò náà fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Tí a bá yọ ti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ìdá 48 kéré. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ó ti lé ní ọdún 10 báyìí, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fojoojúmọ́ kọ́ ọmọ ní Mushin, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta kò sì tíì gbọ́ pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wáyé nílẹ̀ wa. Èyí dùn wá púpọ̀.

Ohun tí a sábà máa ń rí lórí pápá ni pé kóòṣì á fọn fèrè, á ní kí àwọn ọmọ sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà wọ́n á pagbo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n á na itan títí yóò fi máa ro wọ́n, wọ́n á sì bọ́ sínú bọ́ọ̀lù. Sísáré yípo máa ń jẹ́ kí èèyàn làágùn lóòótọ́, àmọ́ orúnkún kì í já níbi téèyàn ti ń sáré gbọọrọ lọ. Ó máa ń já nígbà tí ọmọ bá fẹ́ dúró lójijì, tó fẹ́ yí padà, tàbí tó fò fi orí gba bọ́ọ̀lù tó wá fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ìyẹn ni ara rẹ̀ nílò láti kọ́, ìyẹn gan-an ni kò sì sí nínú eré àyíká náà. Ní ti nínà, bí èèyàn bá dúró sójú kan tó na itan fún ìgbà pípẹ́, ṣe ló máa ń gba díẹ̀ nínú agbára itan náà fún sáà kan. Ẹ fi í sí ìparí ìgbaradì, nígbà tí ara ti fẹ́ sinmi.

Ètò FIFA 11+ yìí ní ìdárayá 15, ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ to àmì 12 sílẹ̀ ní méjì-méjì, kí àlàfo ìwọ̀n mítà 5 sí 6 wà láàárín méjì kan àti èkejì. Ike omi tí ẹ rọ iyanrìn sí náà ti tó. Ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́ jẹ́ eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín àwọn àmì náà: ẹ sáré gbọọrọ, ẹ gbé orúnkún sókè kẹ́ ẹ ṣí i síta, ẹ gbé e sókè níta kẹ́ ẹ mú un wọlé, ẹ yí ẹnìkejì yín po, ẹ fò kí èjìká yín kan ti ara yín, ẹ sáré síwájú kẹ́ ẹ sì fẹ̀yìn rìn padà kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti agbára, ti ìdúróṣinṣin àti ti fífò. Méjì tó kẹ́yìn jẹ́ eré tó le: ẹ sáré já pápá, ẹ sáré ní ìṣísẹ̀ gígùn-gígùn, kẹ́ ẹ sì tún sáré, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ gbọin, kẹ́ ẹ yà bàrà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀nà kejì, ìyẹn ti agbára, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò nítorí pé kò dùn ún wò. Òun gan-an ni oògùn tó wà nínú ètò náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan níbẹ̀, ti ẹ̀yìn itan, nítorí pé ẹ̀yìn itan ló máa ń ya jù lára àwọn tó ń sáré. Ọmọ á kúnlẹ̀ lórí koríko tàbí lórí aṣọ tí ẹ ká. Ẹnìkejì rẹ̀ á kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, á sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà á ká ọwọ́ sí àyà. Láti orí títí dé orúnkún, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ le gbọọrọ bíi pákó. Á wá máa ṣubú bọ̀ níwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa fi ẹ̀yìn itan dá ara rẹ̀ dúró kó má bàa yára já lulẹ̀. Ibi tí agbára bá ti pin, á fi ọwọ́ méjèèjì gba ilẹ̀, á ti ara rẹ̀ padà sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ṣe é ní ìgbà 3 sí 5. Tó bá mọ́ ọn lára, kó di 7 sí 10, lẹ́yìn náà 12 sí 15.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé nígbà tí èèyàn bá ń sáré tete, tí ojúgun ń fò lọ síwájú, ẹran ẹ̀yìn itan ló ń fà á dúró kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ó ń nà, ó sì tún ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ló máa ń ya. Ìṣubú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí ló ń kọ́ ọ láti ní agbára nígbà tó nà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á ti ìdí sẹ́yìn, á tẹ̀ ní ìbàdí. Kíá ni ẹrù á kúrò lára ẹ̀yìn itan, kò sì ní rí èrè kankan níbẹ̀. Òmíràn ni pé wọ́n á fi ọmọ tó fúyẹ́ di ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo mú. Èyí tó burú jù ni ti kóòṣì tó ní kí gbogbo ọmọ ṣe é ní ìgbà 15 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọn ò ní lè jókòó, wọ́n á ní ìdárayá náà ló ń ṣe àwọn léṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Ní Denmark, níbi tí wọ́n ti dán an wò lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 900, ìgbà 5 lọ́nà méjì, lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n tó dé ọ̀nà mẹ́ta, ní ìgbà 12, 10 àti 8, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń fò, tí wọ́n sì ń balẹ̀, ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, iwájú ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ wo orúnkún. Kó wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀ tààrà. Bó bá ń wọlé, tí orúnkún méjèèjì fẹ́ máa pàdé, ewu ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ náà tẹ ìbàdí àti orúnkún nígbà tó bá ń balẹ̀, kó fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kó má sì dún gbì. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ kó lè rí ara rẹ̀; ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọbìnrin jù, torí pé iṣan inú orúnkún tí àwọn dókítà ń pè ní ACL máa ń já lára wọn ju ti ọkùnrin lọ, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó fara kàn wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò sì ní ètò yìí ń fi wọ́n wéwu.

Ti ọrùn ẹsẹ̀ rọrùn. Kí ọmọ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa ti ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ rí ló nílò rẹ̀ jù.

Ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe tó fún inú itan, ẹran tó ń fa itan méjèèjì pọ̀, nítorí náà a máa ń fi ìdárayá kan kún un. Ọmọ á fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, á fi ìgúnpá gbára lé ilẹ̀. Ẹnìkejì á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lókè dání, á fi ọwọ́ kan gbá a mú ní orúnkún àti èkejì ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ náà á wá gbé ìbàdí rẹ̀ sókè, á gbé ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ bá ti òkè, á sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Fún ọmọ kékeré, kí ẹnìkejì di orúnkún nìkan mú. Ní Norway, ìdárayá kan ṣoṣo yìí mú kí ìṣòro inú itan fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Gbogbo wa la rántí Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, tí inú itan lé kúrò ní ibùdó Super Eagles ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kó tó dìgbà náà, iṣan orúnkún rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway. Ó ní ẹgbẹ́ tó san owó iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tó ń gbá mọ́ńkí-pósì nígboro kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ má ṣe ọ̀nà kejì, kó má bàa rẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà kìíní àti ìkẹta ti tó, ìṣẹ́jú 10 péré. Ní ọjọ́ ìgbaradì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe é lónìí tó ń fò ó lọ́la kò ní rí ohun tí àwọn tó tẹra mọ́ ọn rí.

A mọ̀ pé ìdárayá nìkan kò tó bí a bá ń fi ìdíje pa àwọn ọmọ. Nígbà ìdánwò, ọmọ lè wà láìgbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìsinmi bá dé, ẹni kan á gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀, ọmọ kan náà á sì gbá ìdíje mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́fà, nígbà mìíràn méjì lóòjọ́, nínú oòrùn agogo méjì ọ̀sán. Ẹran ara tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè gbé ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 48 wà láàárín ìdíje méjì, ó kéré tán, kí ọjọ́ ìsinmi kan sì wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ àwọn tó ń dàgbà lọ́wọ́, láti nǹkan bí ọdún 10 sí 15. Bí ọmọ bá ní ìsàlẹ̀ orúnkún ń dun òun, tí ẹ rí kókó kan níbẹ̀ lójú egungun, iṣan itan ló ń fa egungun tí kò tíì gbó. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má sì ní ọ̀lẹ ni. Ẹ dín eré àti fífò rẹ̀ kù títí ìrora náà á fi lọ. Ìdí nìyí tí irọ́ ọjọ́ orí fi léwu ju bí a ṣe rò lọ: bí kóòṣì kò bá mọ iye ọdún tí egungun ọmọ jẹ́, kò lè mọ ẹrù tó yẹ kó gbé lé e, ọmọ ọdún 13 gidi á sì máa kó sẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin ọdún 19.

Ẹ gbà wá láyè ká sọ èyí láìfi bò. Fífún ọmọ ní abẹ́rẹ́ apàrora tàbí tramadol kó lè gbá àṣekágbá jẹ́ ìwà ìkà. Ìrora ló ń sọ fún un pé kó dúró. Bí ẹ bá pa á, nǹkan tó ya díẹ̀ á ya tán. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni tramadol sì ti wà lára àwọn oògùn tí wọ́n fòfin dè nínú ìdíje.

Bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe lórí pápá wa ló máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á gbé omi gbígbóná wá, wọ́n á fi ìpara tó ń ta ra á, wọ́n á sì máa fà á. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Ooru àti ìfọwọ́ra á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i, kí ibẹ̀ wú. Fún ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ sí omi gbígbóná, kò gbọ́dọ̀ sí ìfọwọ́ra, kò gbọ́dọ̀ sí ọtí. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má le jù, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà lọ, kẹ́ ẹ sì fi píọ́wọ́tà dídì tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tó bá jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ni, ẹ ní kó rìn. Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó dùn ún gan-an níbi tí ẹ ti fi ìka tẹ egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ ya fọ́tò X-ray. A bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to egungun nílẹ̀ wa, a kàn ń bẹ̀ wọ́n ni: bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà lẹ́yìn tí wọ́n di igi mọ́ ọn, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sáré gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ ọmọ lè bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí orí bá gbá orí, tí ojú ọmọ ṣú, tó ń bì, tàbí tí kò mọ ibi tó wà, kò tún gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà mọ́, ì báà jẹ́ àṣekágbá. Bí ikùn bá gba nǹkan, ẹ má wo ti pé ó dìde. Taiwo Awoniyi, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ìlọrin, fi ara kọlu òpó góólù ní England ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ó dìde, ó padà sínú pápá, inú ikùn rẹ̀ sì ti bàjẹ́ débi pé iṣẹ́ abẹ ló gbà á là. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú láìsí ẹni tó kàn án, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ má da omi lé e, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ tì í, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Sam Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú báyìí ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, kò sì dìde mọ́. Ó yẹ kí ẹni méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà wà lórí gbogbo pápá tí àwọn ọmọ ti ń díje.

Pípadà sí pápá náà ní ìlànà. Ẹni tó ti fara pa rí ló sábà máa ń tún fara pa. Ẹni tí ẹ̀yìn itan rẹ̀ ya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré tete ní ìgbaradì, ní ọjọ́ bíi mélòó kan, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ láìsí ìrora, kó tó bọ́ sí ìdíje. Ti iṣan ACL, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó gbọ́dọ̀ tó oṣù 9 kó tó padà, bó ti wù kí ara rẹ̀ ti yá tó.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ láàárín ìdíje kan àti èkejì, kí àwọn ọmọ lè rí pápá mú ara gbóná. Báyìí, ẹgbẹ́ kan ń jáde ni òmíràn ń wọlé, rẹfirí sì ti ń wo aago. Ẹ di òpó góólù alágbèéká mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àpò iyanrìn. Ẹ má gba ẹgbẹ́ tí kò ní báńdéèjì àti yìnyín láyè. Ẹ̀yin Olóòtú, bí ẹ bá lè fún wa ní igun kékeré kan lójú ewé eré ìdárayá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó máa fi àwòrán àti àlàyé ìdárayá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́. A ó fi ti ẹ̀yìn itan àti ti bíbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn méjì yẹn ló nira jù láti fi ẹnu lásán ṣàlàyé.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù